Ọ́ìlì Tó Ń Sùn Lẹ́bàá Iná

Norjmaa, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ọmọ tuntun tí n kò tíì fojú rí. Ṣé òtútù ò le jù fún yín ní Ulaanbaatar? Ara tèmi le. Ìrù àwọn àgùntàn ṣì ní ọ̀rá. Handa olùkọ́ ló ń bá mi kọ èyí; mo ní kó má fi oyin kankan sí i.

Agolo ọ́ìlì tí o fi rán awakọ̀ sí mi ti dé. Mo gbọ́ iṣẹ́ tí o fi kún un: kí n dà á sínú jíìpù, kí n yéé fi òtútù ṣe àwáwí, kí n wá bá yín ṣe ọdún Oṣù Funfun. Òótọ́ ni. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń ṣe àwáwí.

Mo gbé agolo náà tọ Shagdar mẹkáníìkì lọ. Ó kán an sórí ìka, ó ní, "Bàbá, ọkọ̀ yín ti lé ní àádọ́ta ọdún. Èyí ti ṣàn jù, yóò jò tán. Ti ìgbà ooru tó wà nínú rẹ̀ sì ki jù, yóò dì." Ó ní kí n ra ti àárín, ṣùgbọ́n kí n máa mú un móoru bí ìyàwó mi ti ń ṣe. Mo ra ti àárín náà, mo padà sílé.

O rántí. Nírọ̀lẹ́, màá fa ọ́ìlì náà sínú ìkòkò dúdú, ìyá rẹ á gbé e wọ àgọ́, á gbé e sẹ́bàá iná. Á ní, "Orogún mi ti wọlé o, ẹ sún fún un." Ìwọ náà á sì fa ibùsùn rẹ sẹ́yìn. Láàárọ̀, á gbé e fún mi ní lílọ́wọ́ọ́wọ́, jíìpù á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, á sì dáhùn.

Níbi ìsìnkú ìyá rẹ, mo sọ fún ọ pé àìsàn ló borí oògùn. N kò sọ gbogbo rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ tí inú rírun mú un, mo dì í mú, n kò fa ọ́ìlì jáde. Ti ìgbà ooru ni mo sì fi sílẹ̀ nínú jíìpù, torí mo gbójú lé ìkòkò rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti dì bí ọ̀rá àgùntàn. Oòrùn kan àtàrí kí iná tí mo dá sábẹ́ ọkọ̀ tó yọ́ ọ. Ojú ọ̀nà ilé ìwòsàn ni ìyá rẹ kú sí. Ó ní, "O gbàgbé orogún mi síta." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Ìyẹn ni n kò fi wá. N kò lè fọwọ́ kan ìkòkò yẹn.

Ní ìjẹta, mo da ti ìgbà ooru nù, mo rọ ti àárín sí i. Nírọ̀lẹ́ mo fà á jáde, mo gbé ìkòkò náà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyá rẹ ń sùn. Òtútù àárọ̀ ọjọ́ kejì ń la igi. Jíìpù wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo kàn jókòó sínú rẹ̀ ni, n kò tètè lọ ibì kankan.

Ọjọ́ kẹta ọdún ni màá dé. Bí o kò bá fẹ́ rí mi mọ́ lẹ́yìn ohun tí o kà yìí, ránṣẹ́ nípasẹ̀ awakọ̀. N kò ní bínú.

Kí ọ̀nà yín funfun bí wàrà. Kí ọmọ náà gbó ju ìyá ìyá rẹ̀ lọ.

Èmi bàbá tó bí ọ,
Luvsan

Mo tún rántí: mo fún Handa ní agolo tìrẹ, ọkọ̀ tirẹ̀ ò tíì darúgbó. Wọ́n ní kò sí ààrò nínú ilé alájà tí ẹ ń gbé, pé irin gbígbóná ló wà lára ògiri. Sọ fún ọkọ rẹ kó fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀. Orogún ìyá rẹ ń bọ̀.