Koríko Ìdí Àgbélébùú Wacław

Ibùdó Ìwádìí,
Antákítíkà.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì.

Jagoda, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú àárọ̀, mo kí ọ kú alẹ́, nítorí mi ò mọ wákàtí tí ìwé yìí máa bá ọ nílé. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti fúyẹ́? Tèmi ò burú. Mò ń jẹ, mò ń sùn, jẹnẹrétọ̀ méjèèjì sì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí o gbọ́ lẹ́nu mi kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́. Mo ti hú koríko ìdí àgbélébùú Wacław, bàbá rẹ.

O mọ̀ pé a ò rí òkú rẹ̀. Ìjì ló da ọkọ̀ ojú omi wọn dé, òkun sì gbé e lọ. Àgbélébùú irin tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jó pọ̀ ni wọ́n rì mọ́ àárín òkúta lókè etíkun níbí. Ọmọ ọdún méjì péré ni ọ́ nígbà náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí mo ń bọ̀ wá ṣe mẹkáníìkì níbí, Màmá bu iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé sínú ìgò tó fi ń tọ́jú kùkúmbà. Ó ní, “Zenon, ọmọ mi ò ní wà nílẹ̀ àjèjì kó má ní ilẹ̀ ilé lára. Dà á síbẹ̀ fún mi.” Bí wọ́n ṣe ń ṣe lábúlé wa nìyẹn, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo dà á síbẹ̀.

Ọdún kejì ni koríko yọ, irú èyí tí a máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà láìwò ó. Inú mi dùn débi pé mo jókòó tì í. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Màmá. Láti ìgbà náà, bí ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá bá dé, tí gbogbo abúlé ń gbé àbẹ́là lọ sí ibojì àwọn èèyàn wọn, fọ́tò koríko ìdí Wacław ni tiwa. Ara ògiri Màmá lo ti mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n koríko náà ò jókòó síbì kan. Òkè yìnyín tó wà lẹ́yìn ibùdó ń yọ́, ó ń fà sẹ́yìn, koríko ilé wa ló sì ń kọ́kọ́ dé orí ilẹ̀ tó bá fi sílẹ̀. Àwọn ewé rírọ̀ kéékèèké tó jẹ́ onílẹ̀ níbí, tí wọ́n ń lo ogún ọdún kí wọ́n tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ò ráyè mọ́. Ọdún méjìlá sẹ́yìn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rán àwọn onímọ̀ ewéko wá láti hú u. Orí ìkúnlẹ̀ la máa ń wà, pẹ̀lú ṣíbí àti ọ̀bẹ, à ń tú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Èmi náà ń bá wọn kúnlẹ̀, Jagoda. Tí kò bá sì sẹ́ni tó ń wò mí, màá lọ to òkúta yí àgbélébùú ká kí wọ́n má baà rí ti ibẹ̀. Lọ́dọọdún là ń hú u, lọ́dọọdún ló ń padà. Wọ́n ní bàtà àlejò ló ń gbé e wọlé. Mi ò sọ nǹkan kan.

Ọdún yìí ni Kalina dé, ọ̀dọ́bìnrin onímọ̀ ewéko kan tí ojú rẹ̀ ò fo nǹkan. Ó wo ibi tí afẹ́fẹ́ tó ń gbé irúgbìn koríko ti ń fẹ́ wá, ó rìn lọ tààrà, ó bá òkúta mi. Ó gbé ọ̀kan kúrò, ó gbé èkejì. Ó ní, “Bàbá Zenon, ẹ kú iṣẹ́ o! Ọdún méjìlá lẹ fi ń fọwọ́ ọ̀tún hú u, tẹ́ ẹ ń fi tòsì gbìn ín!”

Mo ní mi ò gbìn ín, ìyá mi ló rán mi.

Ó ní, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé lọ́gọ́ta, ìyá yín lẹ ń fà wọ̀ ọ́?”

Ó yẹ kí n bínú, ṣùgbọ́n mi ò rí ìbínú náà. Ó wá ka orúkọ tó wà lára irin, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ yìí náà ní láti lọ, torí irúgbìn koríko ń pẹ́ láàyè nínú rẹ̀. Ṣé kí n ní kí ẹlòmíì ṣe é?” Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ pe ilé.

Mo ṣàlàyé títí fún Màmá. Ó ní, “Koríko wo?” Mo ní èyí tó wà nínú fọ́tò. Ó ní, “Háà! Ó hù lóòótọ́ ni? Mo rò pé rọ́bà ni o, irú èyí tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà ibi ìsìnkú. Mo ní ọmọ yìí ń wá ohun tó máa fi tù mí nínú, ẹ jẹ́ n máa yìn ín, kọ́kàn ẹ̀ lè balẹ̀.” Ó tún bi mí pé, “Ṣé ó ń pa nǹkan oní-nǹkan ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Hú u, jàre. Wacław ò sí níbẹ̀.”

Mo hú u lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kalina bá mi la ẹnu àpò. Iyẹ̀pẹ̀ náà ò jìn ju ìka mẹ́ta lọ, lẹ́yìn ìyẹn òkúta ni. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ kí n lè fọwọ́ ara mi kàn án, mo rò pé n óò sunkún. Kò sí nǹkan kan tó ṣe mí. Ọwọ́ mi tutù, ó parí. Wọ́n sun gbogbo rẹ̀ nínú ààrò tí wọ́n fi ń sun ìdọ̀tí, mo wọlé, mo jẹ ọbẹ̀ kábéèjì. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi rò pé èmi ni mò ń tu Màmá nínú. Ó ti di ọjọ́ kẹfà báyìí, inú mi ṣì dá wáí.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ìlera, kó ṣọ́ ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Kí omi má ṣe gbé ẹnikẹ́ni lọ mọ́ nínú ìdílé wa.

Èmi ni àbúrò bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Zenon.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: tí o bá ń fèsì, jọ̀wọ́, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ìwọ náà rò pé rọ́bà ni?