Ẹnu Mi Là, Ẹ̀rọ Rẹ Ní Kò Là

Ọmọ mi, Dókítà mi,

Mo kí ọ kú àárọ̀, mo sì fi kú ọ̀sán àti kú alẹ́ kún un, nítorí mi ò mọ ìgbà tí awakọ̀ tó ń kó pákó yóò fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun bó ṣe yẹ, àbí búrẹ́dì lo ṣì fi ń tan ara rẹ? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní í dójú tì ọ́, àwọn olùkọ́ rẹ tó fẹ́ yẹ iṣẹ́ náà wò níparí oṣù yìí yóò sì fi ojú rere wò ọ́. Ìyá rẹ ṣe àmín láti ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń sá aṣọ.

Nílé níbí, kò sí ohun tó bàjẹ́. Mo ti dí ibi tó ń jò lórí ilé ìdáná. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, ọ̀kan dúdú, ìkejì kò tíì yé wa. Bíríkìlà ojúlé kejì ti parí ilé rẹ̀, èmi ni mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì ń pa dé láìké.

Mo ka lẹ́tà rẹ ìjọ́sí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. O ní ẹ ti kọ́ ẹ̀rọ kan láti máa ro nǹkan létòlétò, kí ó lè mọ ohun tó ń ṣe oríkèé párì, ìyẹn ibi tí egungun ẹnu ti so kọ́ lábẹ́ etí. Ìyẹn yé mi, nítorí hínjì ni. Ibi tí kò yé mi tó ni ti A àti B. O kọ ọ́ pé tí A bá jẹ́ òótọ́, B náà á jẹ́ òótọ́, àti pé tí B bá jẹ́ irọ́, irọ́ ni A náà. Mo bi ìyá rẹ bóyá ó mọ̀ wọ́n, ó ní ó jọ pé àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá ni. Bá mi kí àwọn méjèèjì. Àmọ́ máa ṣọ́ B, torí pé bí mo ṣe kà á, ọjọ́ tí òun bá purọ́ ni wọ́n máa mú A mọ́ ọn.

O ní kí n lọ bá nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn wa, pé o ti fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí i, kí wọ́n sì fi párì mi bẹ̀rẹ̀, nítorí apá òsì rẹ̀ máa ń dún kẹ́ tí mo bá ń jẹun. Mo lọ ní ọjọ́ Ajé. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí o gba ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀rọ rẹ kéré ju bí mo ṣe rò lọ, ó pẹlẹbẹ bíi síléètì. Mo kí i, kò dáhùn. Nọ́ọ̀sì ní kì í sọ̀rọ̀, àti pé ó ti fẹ́ kú. Mo ní mo bá a kẹ́dùn, mo bèèrè bóyá ó ti pẹ́ tó ti ń ṣàìsàn, nọ́ọ̀sì bá ki okùn kan bọ ara ògiri, ó ní ara rẹ̀ yóò yá láìpẹ́. Ó sì yá lóòótọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tó wà lójú rẹ̀ ni pé kí n fi àmì sínú àpótí kan ṣoṣo. O mọ̀ mí, n kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Mo ní kí nọ́ọ̀sì dúró dè mí, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo fi pákó tó ṣẹ́ kù lára ilẹ̀kùn bíríkìlà kan àpótí kékeré kan tó ní ìdérí, mo sì gbo etí rẹ̀ kó má baà gún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo gbé e dé, nọ́ọ̀sì wò ó títí, ó wá fi ìka tọ́ka sí àwọn ojú kéékèèké onígun mẹ́rin lára ẹ̀rọ. Ó ní àwọn ni àpótí. Mo ní wọn ò ní ìdérí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò ní. Mo gbé tèmi sábẹ́ àga.

Ìbéèrè mẹ́rìnlélógún ni, nọ́ọ̀sì ń kà á, èmi ń dáhùn, òun ń tẹ̀ ẹ́. Ìkeje sọ pé, ṣé ó máa ń dùn mí tí mo bá ń jẹun tàbí tí mo bá ń yán. Mo ní tí mo bá ń jẹun. Nọ́ọ̀sì ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ni kí n wí. Mo ní tí ènìyàn bá bi mí bóyá omi ni mo fẹ́ mu tàbí tíì, tí mo wá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣé kò ní í wò mí tìyanu-tìyanu? Ó ní ẹ̀rọ kì í wò. Mo ní ó dáa, bẹ́ẹ̀ ni.

A wá dé ìkọkànlá. Ìyẹn ni mo tìtorí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí, nítorí náà mo ti da ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ bó ṣe wà: “Ṣé ẹnu yín kò là tó ìka mẹ́ta?” Mo kó ìka mẹ́ta pọ̀, mo kì wọ́n bọ ẹnu lójú nọ́ọ̀sì, ó wọlé, àyè tún ṣẹ́ kù. Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ó là. Nọ́ọ̀sì tẹ Bẹ́ẹ̀ kọ́.

Nígbà tí a parí, ẹ̀rọ rẹ kọ ọ́ jáde pé oríkèé párì mi ti há, kí n lọ sí ọsibítù ńlá fún iṣẹ́ abẹ. Nọ́ọ̀sì fi ìwé tí o fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ, tí òun lẹ̀ mọ́ ògiri, hàn mí. Ó wà níbẹ̀ pé bí ìdáhùn kọkànlá bá jẹ́ Bẹ́ẹ̀ kọ́, nígbà náà ẹnu kò là; bí ẹnu kò bá là, nígbà náà oríkèé ti há. Mo bi í pé nígbà wo ni nígbà náà yìí? Ó ní nísinsìnyí ni. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ nísinsìnyí sí i. Ó ní òun náà rí ìka mi, àmọ́ o ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé kí ẹnikẹ́ni má fi ojú ara rẹ̀ yí èsì ẹ̀rọ padà. Ó kọ káàdì fún mi. Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n dá.

Mo jáde síta, mo bá àwọn márùn-ún mìíràn lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú irú káàdì bẹ́ẹ̀. Àwa mẹ́fà tí ẹnu wa kò là jókòó, a ń sọ̀rọ̀, a ń rẹ́rìn-ín, bíríkìlà sì ń ju ẹ̀pà sẹ́nu láti òkèèrè. Ó ní òun ò mọ̀ pé àìsàn òun le tó báyìí. Ìyá aránṣọ nìkan, èyí tó rán aṣọ ilé-ìwé rẹ, ni kò rí káàdì gbà. O mọ̀ pé èèyàn tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ ni. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tó jẹ́ pé omi ọbẹ̀ ló ń fi ṣíbí tíì rọ sẹ́nu, ìka kan ni ẹnu rẹ̀ ń gbà, ìyẹn gan-an pẹ̀lú ìnira. Nígbà tí wọ́n bi í ní ìkọkànlá, ó mi orí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ ní kò sí ohun tó ń ṣe é, kó máa lọ sílé. Mo gbé káàdì mi fún un. Nọ́ọ̀sì gbà á padà, ó ní orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà dé ilé. Ìyá rẹ ní kí n la ẹnu, mo là á. Ó ní kí n ki ìka bọ̀ ọ́, mo kì wọ́n bọ̀ ọ́. Ó wá ní, “Bàbá Dókítà, ẹnu tó gba ìka káfíńtà mẹ́ta, ta ló há mọ́?” Mo ní kó má pariwo, pé ẹ̀rọ ọmọ wa ló sọ ọ́, pé ta ni èmi tí n ó pè é ní òpùrọ́ nígbà tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ ń bọ̀ wá wò ó. Mo ní tó bá jẹ́ pé wọ́n máa là mí kí iṣẹ́ rẹ̀ lè gún, hínjì lásán ni, n ó lọ.

Ìyá rẹ fa aṣọ tó ti gbẹ mọ́ra. Ó ká aṣọ méjì mẹ́ta, ó wá ní, “Nígbà tó wà ní kékeré, tí mo bá bi í pé ṣé kò tíì wẹ̀ ni, kí ló máa ń wí?” Mo ní ó máa ń wí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Ṣé ó ti wẹ̀ nígbà náà?” Mo ní kò tíì wẹ̀. Ó ní, “Ẹ kọ ìyẹn sí i.”

Mo ti kọ ọ́. Mi ò mọ ohun tó fẹ́ kí o fi ṣe, bóyá ìwọ mọ̀ ọ́n. Ohun tí èmi rí kò ju pé tí mo bá sọ òótọ́ fún ẹ̀rọ rẹ, ọ̀bẹ, tí mo bá purọ́, mo lọ sílé, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni aránṣọ sọ tí wọ́n fi lé òun lọ. Mo tún rántí A àti B. Nọ́ọ̀sì tún sọ lọ́jọ́ náà pé tí oríkèé bá há, ìka mẹ́ta kò ní í wọlé. Ìka mẹ́ta wọlé. Bí mo bá wo ohun tí o kọ nípa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ yẹn, ó jọ pé B ti purọ́. Mo bẹ̀ ọ́, má bínú sí A.

Ohun kan tún wà. Ẹ̀rọ bèèrè bóyá mo máa ń fi eyín gé èékánná, mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò bèèrè ìṣó. O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti ń kan páànù, ẹnu ni mo ń kó ìṣó sí, apá òsì, nítorí ọwọ́ ọ̀tún di òòlù mú, tòsì di pákó. Àpótí tí mo kàn fún ẹ̀rọ rẹ ṣófo, mo bá kó ìṣó sínú rẹ̀, mo so ó mọ́ ìbàdí. Ó di ọjọ́ mẹ́ta lónìí. Párì mi ṣì ń dún, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ní òun ò gbọ́ ọ láti inú yàrá mọ́.

Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà ni mo máa ń tọrọ owó. Lọ́tẹ̀ yìí, fi èyí tí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí mi wọ mọ́tò wálé. Kó tó di Ọjọ́rú ni o, kí o yà lọ́dọ̀ aránṣọ kí o tó dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí èmi lè dúró, òun kò lè jẹun. Má gbé ẹ̀rọ dání. Ìka ni kí o kó wá. Tí o bá wò mí tán tí o ṣì ní kí n lọ, n ó lọ.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí mọ́tò rẹ gúnlẹ̀ láyọ̀. Ohun tí o bá wí yóò máa rí bí o ṣe wí i, ohun tí o bá sì bèèrè, wọn ò ní í gbọ́ ọ sódì.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà.

Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ pé ṣé o ò ní í wá ni. Jọ̀wọ́, má dáhùn bẹ́ẹ̀ ni.