Igi Obì Àbẹ̀kẹ́

Ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́.

Mo ti fún Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi tí kò ríran, ní igi obì mi ní Molete lójú ẹbí, kí àwọn ọbàkan rẹ̀ má baà gbà á bí mo bá kú.

A há obì ẹ̀rí fún gbogbo ẹbí; ẹni tó bá jẹ ẹ́ ti di ẹlẹ́rìí. Mọ́gàjí, olórí ẹbí wa, ń jẹ tirẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó ní, "Ta ni yóò máa bá a ká a?"

Àbẹ̀kẹ́ ní, "Baba, igi mi ni obì ẹnu yín ti wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ẹ́ náà ni."

Ẹ̀rín sọ. Mọ́gàjí ní, "Ó ti mú mi! Mo ti jẹ ẹ́, n kò lè sẹ́ mọ́. Àwọn ọmọ mi ni yóò máa ká a."

Obì náà kò ná mi ní kọ́bọ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo rọra na ọwọ́ sí èyí tó kù nínú igbá. Àbẹ̀kẹ́ gbọ́. "Bàbá mi, ẹ kọ́kọ́ tọrọ ná."

Mo tọrọ.