Àtàǹpàkò Mi Tó Wà Lọ́wọ́ Ọláfimíhàn

Abà Súbérù, lọ́nà Ìsẹ́yìn,
Ọjọ́ Àlàmísì, ọjọ́ kẹta tí òjò kò dá.

Salimat ọmọ mi, Àjíbíkẹ́ tèmi,

Báwo ni Ìsọlọ̀? Báwo ni Apakun níbi tí o ti ń ránṣọ? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ikọ́ ti fi èyí kékeré sílẹ̀? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ gún ọ lọ́wọ́, kí ó má jẹ́ kí oníbàárà gbé aṣọ lọ kó gbàgbé àtisanwó, kí ìwọ náà jẹ èrè àwọn ọmọ rẹ bí mo ṣe ń jẹ èrè tìrẹ, àfi ti ọ̀rọ̀ kan yìí tí mo fẹ́ bá ọ sọ. Àmín.

A wà níbí. Ìsíátù ìyá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti san díẹ̀, ó ti ń kírun láìjókòó sórí àga. Àgbàdo ti gbó, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀yà ń bá wa pín in, mo sì rò pé ìpín tiwọn ló pọ̀ jù. Iṣu tuntun ti jáde. Ewúrẹ́ rẹ tó dúdú bí méjì, ìyá rẹ ti sọ ọ̀kan ní orúkọ rẹ nítorí pé kì í dákẹ́.

Olùkọ́ Tẹjúmọ́lá ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Má bi mí pé kí ló dé tí mi ò lo fóònù tí o rà fún mi. Mo ti dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí àpótí láti ọjọ́ Ajé. Ohun tí èèyàn bá sọ sínú fóònù, ẹlòmíràn lè pa á rẹ́, mo ti fojú ara mi rí i. Ìwé ní tirẹ̀, àfi kí ẹni tó gbà á fà á ya, ìwọ kò sì ní fa ìwé bàbá rẹ ya. Babáwálé awakọ̀ ni yóò mú un wá fún ọ ní Òṣòdì.

Mo gbọ́ iṣẹ́ tí o rán. O ní kí n bẹ Ọláfimíhàn, alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tó wà lórí Wásáàpù, kó lè dá mi padà sínú ẹgbẹ́. O ní kí n rántí pé òun ló bá ọ gba ṣọ́ọ̀bù tí o wà. Salimat, mi ò ní bẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi fún ọ, nítorí títí di òní kò sí ẹni tó bi mí.

Ní Àlàmísì tó kọjá, Ọláfimíhàn jókòó sí ilé rẹ̀ ní Àjàó Estate, ó fi fídíò kan ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, lábẹ́ bíríìjì Òṣòdì. Wọ́n ní ó jí fóònù, wọ́n bọ́ ọ sí ìhòòhò, wọ́n ń nà án. Mo ṣí i, wọ́n nà án. Mo pe ìyá rẹ kó wá wò ó, wọ́n tún nà án. Mo ṣí i lẹ́ẹ̀kẹta láti wò ó bóyá ẹnì kan ti wá gbà á sílẹ̀, àfi bí wọ́n ṣe tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi pé bí a bá ṣe ń ṣí i náà ni wọ́n ń na ọmọ ọlọ́mọ. Àádọ́fà èèyàn ló wà nínú ẹgbẹ́ náà, ìwọ náà ṣírò ẹgba tó jẹ. Mo sọ fún ìyá rẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣí i mọ́ nínú ilé yìí, kí ọmọ náà lè rí ìsinmi díẹ̀.

Ọláfimíhàn kọ nǹkan sábẹ́ fídíò náà. Èmi tí mi ò mọ̀wé, mo rò pé ó ń kí wa ni. Mo rí i tí àwọn èèyàn ń fi àtàǹpàkò sí i, èmi náà tẹ tèmi, mo ní bóyá a fi ń dáhùn pé a wà láàyè ni. Ọjọ́ kejì ni Olùkọ́ wá kà á fún mi. Ọláfimíhàn ní irú wọn kò yẹ kó dé àgọ́ ọlọ́pàá, pé táyà àti bẹntiróòlù ni oògùn wọn. Mo ní kó tún un kà.

Salimat, ohun tí mo ti fi àtàǹpàkò tẹ̀ láyé mi kò pọ̀. Mo tẹ ìwé ilẹ̀ abà yìí nígbà tí bàbá mi kú. Mo tẹ ìwé ìdìbò. Mo tẹ ìwé ilé ìwòsàn nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá rẹ. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, àtàǹpàkò rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀. Wàyí o, tèmi wà lábẹ́ ìdájọ́ ikú ọmọ tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Olùkọ́ kà á fún mi, àwa mọ́kànlélógójì la tẹ̀ ẹ́.

Olùkọ́ ní kì í ṣe irú ìtẹ̀ka tí mo rò nìyẹn, ó ní wọ́n kàn fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà dára ni. Mo ní ìyẹn gan-an ni mo ń wí. Ẹnì kan ní kí wọ́n dáná sun èèyàn, ìwọ ní ó dára, kí ló tún kù tí o kò tíì tẹ̀?  Olùkọ́ ní kí n jẹ́ kí a yọ ọ̀rọ̀ òun yìí kúrò nínú ìwé, mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀.

Mo wá tẹ fóònù, mo sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ sí gbogbo ẹgbẹ́ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Mo ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo ní ta ló bi ọmọ náà léèrè ọ̀rọ̀, ta ni ìyá rẹ̀? Ẹnì kan fi ohùn tirẹ̀ dáhùn pé bó bá jẹ́ fóònù tèmi ni wọ́n jí ńkọ́. Mo ní màá gbà á padà, màá fi olè lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, màá sì máa ṣépè fún un di àmọ́dún, ṣùgbọ́n mi ò ní sun ún. Òmíràn ní mo ti di lọ́yà àwọn olè, ó ní èló ni wọ́n ń san fún mi. Mo ní kó bá mi béèrè lọ́wọ́ wọn, torí owó náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tutù tí Ọláfimíhàn fi tún fi orin kan ránṣẹ́. Ó ní olórin náà ni a máa pè sí ọjọ́ ìlú wa lọ́dún yìí. Mo gbọ́ orin náà. Ọmọ náà ní òun fi kọ̀ǹpútà gbọn àpò opó kan nílùú òyìnbó gbẹ, òun fi ra mọ́tò, kí ẹni tí inú ń bí lọ pokùnso. Salimat, ó ń jẹ́wọ́! Ó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, àwọn ogójì tó kù sì ń fi àwòrán ijó dá a lóhùn. Mo ní kí wọ́n pe ọlọ́pàá kí orin tó tán. Mo ní ẹni tó jí fóònù kan, ẹ ní ẹ máa sun ún, ẹni tó jí gbogbo ohun tí opó ní, ẹ ní kó wá jókòó ti Baálẹ̀. Ṣé olè tí kò lówó nìkan ni iná yín mọ̀ ọ́n jó ni?

Ọláfimíhàn, tí mo jẹun ìkómọ rẹ̀, ní Bàbá, ẹ ti dàgbà, ẹ lọ sinmi. Ó pa gbogbo ohun tí mo sọ rẹ́, ó sì yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́.

Mo dìde, mo tọ Baálẹ̀ lọ, mo ní ìgbà wo ni ẹ lé mi nílùú? Baálẹ̀ ní òun kò gbọ́ sí i. Mo ní nígbà ayé bàbá mi, kí wọ́n tó lé ẹnì kan, wọ́n á pè é lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á ní kó rojọ́. Baálẹ̀ ní kí n jókòó kí n jẹ àgbàdo. Mo jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n inú mi kò rọ̀.

Pé wọ́n lé mi kọ́ ló ń dùn mí. Wọ́n lé mi jáde, wọ́n sì dá àtàǹpàkò mi dúró síbẹ̀.

Mi ò sọ èyí fún ọ rí. O rántí Olúbọ̀wálé tó ń tiro, tí ẹ máa ń sá fún nígbà ọmọdé? Alágbàṣe ni kí a tó bí ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé. Iṣu sọnù lábà, wọ́n ní òun ni, gbogbo ọkùnrin abà tú jáde, wọ́n sọ ọ́ lókò. Bàbá mi sọ òkò kan péré. Lẹ́yìn oṣù méjì a rí ẹni tó jí iṣu, ọmọ ilé wa gan-an ni. Títí bàbá mi fi kú, lọ́dọọdún tí a bá wa iṣu tuntun, ó máa ń ní kí n ru mẹ́ta tó tóbi jù lọ sí ilé Olúbọ̀wálé. Ọkùnrin náà á gbà á, kò ní dúpẹ́, kò ní bú wa. Mo bi bàbá mi pé nínú gbogbo òkò ọjọ́ yẹn, ṣé tirẹ̀ ló ṣẹ́ ẹsẹ̀ náà. Ó ní òun kò mọ̀, pé torí òun kò mọ̀ náà ni iṣu ṣe ń lọ.

Nítorí náà, lọ bá Ọláfimíhàn. Kí i dáadáa, o kò bá a jà. Sọ fún un pé bàbá rẹ kò bẹ̀bẹ̀ kí ó dá òun padà, àtàǹpàkò òun ni kó yọ. Bó bá torí rẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ, gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ wálé, ìhòòhò kọ́ ni àwọn ará ibí ń rìn. Bó bá kọ̀, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Àlọ nìkan ni kí o fi ránṣẹ́, torí màá gbé àpótí ìjókòó mi dání, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni màá jókòó sí títí yóò fi yọ ọ́. Fi owó bátìrì tọ́ọ̀ṣì ìyá rẹ kún un. Má ra dátà, èyí tó wà níbẹ̀ ni mo dojú rẹ̀ délẹ̀ yìí kó má bàa jò.

Babáwálé gbé iṣu mẹ́ta dání. Kì í ṣe tìrẹ o. Dé abẹ́ bíríìjì, béèrè ọmọ náà lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà níbẹ̀, kí lórúkọ rẹ̀, ṣé ó wà láàyè. Bí o bá rí i, kó iṣu náà fún un. Bí kò bá sí mọ́, wá ìyá rẹ̀ kàn. Bí wọ́n bá gbà á láìdúpẹ́, má bínú.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọwọ́ rẹ. Ohun tí ojú rẹ kò tó, kò ní fi orúkọ rẹ sí i. Ibi tí wọ́n bá ti ń sọ òkò, ọwọ́ rẹ á ṣófo.

Èmi ni bàbá rẹ, Gàfárù ọmọ Súbérù àgbẹ̀. Yíǹkì Olùkọ́ ni mo fi tẹ àtàǹpàkò tó wà nísàlẹ̀ yìí. Fi í wé ti inú fóònù. Tọ̀hún pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kò ní ìlà kankan nínú, mi ò mọ bí wọn yóò ṣe dá tèmi mọ̀ láàárín mọ́kànlélógójì. Èyí ní ìlà, ó ní àpá àdá. Òun ni tèmi.