Díìṣì Tí Ẹ Kọjú Rẹ̀ Sí Oko Tíìkì

Ojúlé Kẹsàn-án,
Ẹ̀yìn Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
Ìrè-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Èkìtì.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Òkúdu, ọdún 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìráhùn Oníbàárà,
Ilé-iṣẹ́ Ìsopọ̀ Kíákíá,
Ìkọ̀lé-Èkìtì.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌBÉÈRÈ PÉ KÍ Ẹ GBÉ DÍÌṢÌ ÍŃTÁNẸ́Ẹ̀TÌ YÍN LỌ SÍ Ẹ̀YÌN ILÉ MI KÍ ÌDÁNWÒ ỌMỌ MI TÓ BẸ̀RẸ̀

1. Mo kí yín. Kí n tó sọ ohun tó ń dùn mí, ó yẹ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́. Láti ìgbà tí òjò ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀, ariwo ayé kò dé ilé mi mọ́. A kì í gbọ́ ìròyìn, a kì í rí fídíò, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi ìmeèlì yọ wá lẹ́nu. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà péré ni ẹ ń gbà lóṣooṣù fún ìfọ̀kànbalẹ̀ yìí.

2. Inú oṣù Ṣẹ́rẹ́, tí ọyẹ́ ń fẹ́ gan-an, ni ẹnjiníà yín, Ọ̀gbẹ́ni Jàmíù, wá gbé íńtánẹ́ẹ̀tì sí ilé mi. Ó kan díìṣì mọ́ ògiri iwájú ilé, ó kọjú rẹ̀ sí òpó máàsì yín tó ń fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì ránṣẹ́, tó wà lọ́nà Ìkọ̀lé. Oko igi tíìkì aládùúgbò mi, Bàbá Àlímì, ló wà láàárín díìṣì náà àti máàsì yín. Nígbà ọyẹ́, tíìkì kì í ní ewé lórí. Ṣe ló máa ń dúró bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n dorí rẹ̀ kọ òkè. Ẹnjiníà yín wo àárín àwọn igi náà, ó rí máàsì, inú rẹ̀ dùn. Inú tèmi náà dùn, mo sanwó.

3. Nítorí ọmọbìnrin mi, Ayọ̀mikún, ni mo ṣe sanwó ọ̀hún. Ó ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tó jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà, láti ilé, ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n sì ti ń ṣèdánwò. Lọ́jọ́ ìdánwò, kámẹ́rà ni yóò máa ṣọ́ ọ nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ìdánwò ti parí nìyẹn, ọmọ yóò sì tún ọdún náà kà. Mo sọ èyí fún ẹnjiníà yín kí ó tó lu ìṣó àkọ́kọ́.

4. Nígbà tí oṣù Ẹrẹ́nà ń parí lọ, òjò dé, tíìkì sì ṣe ohun tí tíìkì ń ṣe lọ́dọọdún: ó rúwé. Ewé kan ṣoṣo lè bo àwo oúnjẹ. Bí ewé ṣe ń pọ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń rọ̀. Nígbà tí oṣù Èbìbí yóò fi dé, kò sí nǹkan kan mọ́.

5. Mo pe kọsitọ́mà kíà yín. Mo fẹ́ yin arábìnrin tó ń gbé fóònù náà, nítorí ohùn rẹ̀ dára, sùúrù rẹ̀ kò sì lópin. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè ló ń sọ fún mi, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lójú àlá ni, pé kí n pa ráútà, ìyẹn àpótí kékeré tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì kiri inú ilé, kí n sì tún un tàn. A ti tẹ bọ́tìnì rẹ̀ títí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ fi pa rẹ́. Ó ní kí a gbé e sókè, a gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní kí a gbé e sún mọ́ fèrèsé, a gbé e débẹ̀. Ráútà yín ti dé àwọn kọ̀rọ̀ kan nínú ilé yìí tí èmi tí mo kọ́ ọ kò tíì dé láti ọdún tó kọjá.

6. Mo ṣàlàyé fún un pé nígbà òjò ló máa ń burú jù. Ó bi mí bóyá a máa ń yọ wáyà bí àrá bá ń sán. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a máa ń yọ ọ́, a sì máa ń fi aṣọ bo dígí pẹ̀lú, bí àwọn ìyá wa ṣe kọ́ wa. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé oníbàárà fúnra rẹ̀ ló ń pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó sì ti ẹjọ́ náà pa. Mo tún pè é pé àrá ti kọjá lọ sọ́nà Ọ̀tùn láti àárọ̀, pé wáyà ti wà níbi tó yẹ kí ó wà, pé ewé ló ṣì tutù. Ó ní kí n pa ráútà, kí n tún un tàn.

7. Ọ̀gbẹ́ni Jàmíù padà wá níkẹyìn. Ó gun àkàbà, ó wo iwájú, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, Ìyá Ayọ̀, ẹ má bínú, àwọn igi yìí kò rí báyìí ní oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ọmọ Igbólé ni, kì í ṣe àjèjì tí kò rí igbó rí. Mo bi í pé ṣé tíìkì tiwọn ní Igbólé kì í wọ́wé ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó máa ń wọ́wé mà, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì kò bi òun léèrè ewé. Ó fi hàn mí pé bí díìṣì bá wà lẹ́yìn ilé, yóò yà fún oko tíìkì, yóò gba orí pápá ilé-ẹ̀kọ́ rí máàsì yín kedere, ṣùgbọ́n pé ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

8. Dípò kí ẹ fọwọ́ sí i, lẹ́tà lẹ kọ sí mi pé kí oníbàárà mú ohun tó dí díìṣì lójú kúrò. Ohun tó dí i lójú ni igi méjìlélọ́gọ́ta, tí kò sí ọ̀kan tó jẹ́ tèmi nínú wọn. Síbẹ̀, mo bọ̀wọ̀ fún yín, mo mú lẹ́tà yín lọ bá Bàbá Àlímì. Ọdún tí wọ́n bí Sẹ̀ríyà, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ló gbin àwọn igi náà, kí ó lè fi wọ́n rán an lọ sí yunifásítì. Ó ní kí n ka lẹ́tà náà fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó bi mí bóyá àwọn tó kọ ọ́ kò ní ojú nígbà ọyẹ́ tí wọn kò fi rí igi òun. Lẹ́yìn náà ló ní, Ìyá Ayọ̀, ẹ sọ fún wọn pé bí èmi bá gé igi mi, kí àwọn náà gé máàsì wọn, kí ó lè dọ́gba. Mo jíṣẹ́ rẹ̀ fún yín gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rán mi.

9. Ní báyìí, pápá ilé-ẹ̀kọ́, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ti ń wọlé, ni Ayọ̀mikún ti ń fi dátà fóònù kẹ́kọ̀ọ́, lórí bẹ́ńṣì, lábẹ́ agbòòrùn. Owó íńtánẹ́ẹ̀tì di méjì. Wọ́n ṣe ìdánwò ìgbáradì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ewúrẹ́ kan yọjú léjìká rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì kọ ọ́ pé ẹlòmíràn wà pẹ̀lú rẹ̀, ó pa ìdánwò náà dé. Mo ti wádìí ewúrẹ́ náà dáadáa. Kò mọ ìdáhùn kankan. Ọmọ mi, ẹni tó mọ̀ ọ́n, ló wọlé sunkún.

10. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ fọwọ́ sí i kí Ọ̀gbẹ́ni Jàmíù wá gbé díìṣì náà lọ sẹ́yìn ilé. Mo ti ra òpó irin àlòkù, a ti rì í mọ́lẹ̀, sìmẹ́ǹtì rẹ̀ sì ti gbẹ. Kí ó ṣáà mú sípánà rẹ̀ dání.

11. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ keje oṣù Agẹmọ ni ìdánwò náà. Bí ẹ kò bá lè wá ṣáájú ọjọ́ yẹn, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú mọ́. Bí ọyẹ́ bá dé, ewé yóò wọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín yóò já fáfá, kọsitọ́mà kíà yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ti tún un ṣe. Ọmọ mi yóò ti jókòó ti kọ̀ǹpútà nígbà náà, tí yóò máa tún ọdún tó ti kà tẹ́lẹ̀ kà.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, oníbàárà tí kò jẹ yín ní kọ́bọ̀,

Alice Lánípẹ̀kun (Ìyáàfin),
Akápò, Ẹgbẹ́ Aláfọwọ́sowọ́pọ̀ Àwọn Oníṣẹ́ Gààrí,
Ìrè-Èkìtì.