Ojú Ọjọ́ Òkun Tí Mo Ń Kà fún Bàbá Rẹ

Àkọ́bí mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ bó ṣe yẹ, ṣé yàrá rẹ tó wà lókè pátápátá yẹn kò tíì máa jò, ṣé o ń fi nǹkan sẹ́nu kí o tó jáde láàárọ̀? Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú àárẹ̀, mo kí ọ kú àtẹ̀gùn gígùn tí ò ń gùn lójoojúmọ́. Kí Ọlọ́run máa bá wa mú ọ lọ́wọ́ dání lórí títì tó ń yọ̀ yẹn. Àwa náà wà níbí, ara le, àyàfi eyín mi kan lápá òsì tó ń ṣe bí ayálégbé tó fẹ́ kó jáde, tí kò sì fẹ́ sọ ọjọ́ tí yóò lọ.

Ìwé tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi tó o rà fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tẹ̀ wá lọ́wọ́, pẹ̀lú ìwé kékeré aláwòrán tó wà nínú rẹ̀. Kí n má parọ́ fún ọ, nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán ọkọ̀ náà, mo rò pé òtẹ́ẹ̀lì kan ló já sínú omi, tí wọ́n wá ya fọ́tò rẹ̀ kí àwọn aláàánú lè mọ̀. Mo ti ń sọ pẹ̀lẹ́ fún àwọn tó wà lójú fèrèsé kí Tíṣà tó dé. Ìwọ náà mọ Tíṣà, aládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì tí kò sì tíì jáwọ́ nínú iṣẹ́ olùkọ́. Òun ló ṣàlàyé fún mi pé ọkọ̀ ni, pé àwọn èèyàn máa ń wọ̀ ọ́ tọkàntọkàn, àti pé bí òtútù bá dé báyìí ló máa ń gbé wọn lọ sí òkun tó gbóná, kí wọ́n lọ jókòó sínú oòrùn. Mo ní oòrùn tí wọ́n ń jókòó sínú rẹ̀, ṣé alága ni?

Ṣùgbọ́n bàbá rẹ ní àwọn kò lọ. Mo kà á fún wọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní àwọn kò lọ. Mo tún un kà, wọ́n yí ojú sí ògiri. Ìwọ náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí dókítà ojú sọ pé ìmọ́lẹ̀ tó kù lójú wọn ń lọ bí epo inú àtùpà ṣe ń lọ, àti pé bó pẹ́ bó yá, ohùn wa nìkan ni wọn yóò máa fi dá wa mọ̀. Mo mọ̀ pé torí ẹ̀ lo ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì yìí, kí wọ́n lè rí òkun kí ojú tó dì. Àwọn náà mọ̀. Ohun tó sì ń bí wọn nínú gan-an nìyẹn. Wọ́n ní kí làwọn ń lọ wò lórí omi, àwọn tí àwọn ò rí ife tí àwọn fọwọ́ ara àwọn gbé kalẹ̀? Wọ́n ní kí o gba owó rẹ padà kí o fi ra bàtà. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Akunlé tó kun gbogbo ilé àdúgbò yìí, ilé ìwé, ilé ìfowópamọ́, géètì tí kò lónkà, ni mo ń wò lórí àga tó ń wo ògiri bí ẹni tí wọ́n bá ṣe ìjà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ fóònù tó o rà fún wa ti wọ̀ ọ́ nìyí. Tíṣà ló fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pé kó máa sọ ojú ọjọ́ ibi tí ọkọ̀ náà ń lọ fún wa. Àkọ́bí mi, láti ìgbà náà ni fóònù yìí kò ti gbé pẹ̀lú wa mọ́. Ara rẹ̀ wà lórí tábìlì, ọkàn rẹ̀ ti lọ sórí òkun. Kùrukùru bo gbogbo ìta níbí, a kò rí igi iwájú ilé, ó ní oòrùn ń ràn. Mo rọra gbé e lọ sójú fèrèsé kó fojú ara rẹ̀ rí i. Ó wò ó, ó tún ní oòrùn ń ràn. Mo gbé e padà, mi ò fẹ́ bá a jiyàn, torí ọwọ́ rẹ ló ti wá.

Ó kọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán oòrùn kan. Mo ní háà, oòrùn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n! Ọ̀kan ṣoṣo ni tiwa níbí, kì í sì í wá síṣẹ́ déédéé lásìkò yìí. Tíṣà ní bí ooru ṣe pọ̀ tó ni wọ́n fi ń wọ̀n. Ó tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé òjò, ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí yé mi láìsí Tíṣà. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá wà nínú ọkọ̀, ọgbọ̀n ni òjò máa pa. Jọ̀ọ́, ìwọ tó gbọ́ èdè àwọn ará ọ́fíìsì, bá wa sọ fún ọ̀gá atukọ̀ kó kọ wá mọ́ àádọ́rin tó kù, torí àyà bàbá rẹ kì í gba omi òjò.

Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn ló wá dẹ́rù bà mí. Ìwé kékeré náà ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í sábà sinmi lásìkò yìí, pé ó máa ń ní kókó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èmi tí mo ti ń ránṣọ kí n tó bí ọ, mo mọ ohun tí kókó ń jẹ́. Kókó kan ṣoṣo nínú òwú, abẹ́rẹ́ á kọ̀ṣẹ́. Ta ló wá jókòó ta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí atẹ́gùn lára, kí sì ni ìyá rẹ̀ ń ṣe nígbà náà? Mo fẹ́ mú àlùmọ́gàjí kékeré mi dání, Tíṣà ní kókó ni àwọn atukọ̀ fi ń wọn eré afẹ́fẹ́, pé wọ́n sì máa gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀. Wọ́n tún wọn ibà fún òkun fúnra rẹ̀, wọ́n ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì sì ti sọ fún mi rí pé ara alálàáfíà gbọ́dọ̀ ju márùndínlógójì lọ. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ burúkú, ṣùgbọ́n òkun yẹn tutù jù fún ohun tó wà láàyè. Mo ti fi í kún àwọn tí mò ń gbàdúrà fún.

Bí mo ṣe ń kà á sókè lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni mo rí i tí bàbá rẹ yí ojú kúrò lára ògiri. Wọ́n ní òjò ibẹ̀ ńkọ́, báwo ló ṣe máa ń rọ̀? Mo yára ṣí ìwé. Mo ní wọ́n ní àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀ tiwọn nìyí, pé ìjì ńlá ti gba ìsinmi lọ bí ọmọ ilé ìwé, pé òjò kékeré lè dédé dé lọ́sàn-án, kó fọ orí ọkọ̀, kó lọ, kí oòrùn sì tún padà jókòó sáyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, níbi tí kò ti sí òrùlé, tí kò sí ewé, tó jẹ́ omi lórí omi, irú ìró wo ni òjò máa ń ní? Ọmọ mi, mo gbé ìwé sílẹ̀. A kàn jókòó ni, àwa méjèèjì, a ń tẹ́tí sí òjò tí kò sí níbẹ̀. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbọ́ pé omi tí mo gbé kaná ti ń hó.

Láti ìgbà náà, bí a bá ti jẹun ọ̀sán tán, wọ́n á ní kí Alábẹ́rẹ́ wá ka òkun fún àwọn. Wọ́n tún ti padà ń pè mí ní Alábẹ́rẹ́! Màá kà á. Wọ́n á gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, wọ́n á ní ooru òkun ti ń dé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iná tó mu ló ń gbóná lára rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi náà fọwọ́ lé e. Ìwé yẹn ní bí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, òtútù ilé á ṣì máa tẹ̀ lé e, kí èèyàn wọ sùwẹ́tà dáadáa. Bó bá ti ń lọ, afẹ́fẹ́ á máa rọ̀, àwọn èèyàn á máa bọ́ ẹ̀wù lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń rí i bí mo bá wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo máa ń rí gbogbo wa lórí ọkọ̀ ńlá náà, tí à ń bọ́ sùwẹ́tà, tí à ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀, tí à ń bọ́ ìbòrí, títí tí ara wa á fi fúyẹ́, tí ọkọ̀ náà kò sì ní ariwo kankan. Ẹsẹ̀ mi á dúró lórí ẹ̀rọ. Mo ti rán apá mọ́ ọrùn aṣọ oníbàárà kan nítorí èyí.

Wọ́n ní nígbà mìíràn, òtútù ọ̀dọ̀ wa yìí náà máa ń gbafẹ́ lọ síbẹ̀, á lo ọjọ́ díẹ̀, á ru omi sókè, ìrọ̀lẹ́ á sì tutù. Mo yọjú síta bóyá ó ti ń di ẹrù. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù sínú ọkọ̀ náà, tí wọ́n ní kí èèyàn mú aṣọ òtútù dání fún yàrá ìjẹun. Àwọn èèyàn sanwó sá fún òtútù, wọ́n dé ibi tó gbóná, wọ́n tún wá ń ṣe òtútù fúnra wọn. Mo rò pé àárò ilé ló ń sọ wọ́n.

Ó wá ku ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí mo tìtorí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí. Mo lọ fún oníbàárà láṣọ, mo padà dé, àga bàbá rẹ ṣófo. Mo pè, wọn ò dáhùn. Mo sáré wo ojú títì, mo sáré wo ìdí kànga, kí n tó gbóòórùn ọ̀dà. Inú yàrá tìrẹ ni mo bá wọn, wọ́n ti ṣí gbogbo agolo tó kù, búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní irú ojú ọjọ́ tí mò ń kà yẹn, àwọ̀ wo ló ń fún omi?

Mo pe Tíṣà. Tíṣà ní búlúù ni. Onígbàjámọ̀ àdúgbò wa gbọ́ ariwo, ó yà wọlé. Òun fá irun fún àwọn atukọ̀ nígbà èwe rẹ̀. Ó ní irọ́ ni, pé bí ewé tútù ló rí lẹ́bàá ilẹ̀, pé ó dúdú níbi tó jìn, pé bí òjò kékeré bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ó máa ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Tíṣà ní inú ìwé lòun ti kà á. Onígbàjámọ̀ ní ṣé ìwé náà lọ wẹ̀ níbẹ̀ ni. Bàbá rẹ ò dá sí wọn. Wọ́n ń po ọ̀dà, wọ́n ń gbé búrọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ojú títí ó fi kan imú wọn, wọ́n ń bi mí pé ṣé ó ti tó? Èmi tí mi ò rí òkun rí láyé mi, mo ní ó kù díẹ̀. Mo ní ẹ fi funfun sí i. Mi ò mọ ẹni tó ń fi ẹnu mi sọ̀rọ̀.

Wọ́n fi í kun ògiri yàrá náà tán pátápátá. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń wá ibi tó ti tutù àti ibi tí kò tíì tutù. Wọ́n kun gíláàsì fèrèsé, wọ́n kun ìlàjì ilẹ̀kùn, wọ́n kun etí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ níbẹ̀. Nígbà tó parí, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ní ṣé ó jọ ọ́? Mo ní mi ò mọ̀. Mi ò lè parọ́ fún wọn lórí ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí. Wọ́n ní àwọn ò kun ilé ẹnikẹ́ni rí láì rí àwọ̀ tí onílé ń fẹ́, pé àwọn gbọ́dọ̀ lọ rí onílé yìí.

Nítorí náà, à ń bọ̀.

Bí mo ṣe ń fi kerosíìnì nu ọwọ́ wọn, mo bi wọ́n ní ohun tó wà lọ́kàn mi. Mo ní tí ẹ bá rí i, tó wá lẹ́wà jù, ṣé kò ní dùn yín jù nígbà tí ojú bá dì? Wọ́n jẹ́ kí n nu gbogbo ìka wọn tán. Wọ́n ní yàrá òkùnkùn tí àwọn ń lọ yẹn, àwọn ò fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ òfo. Mo kọjú sẹ́yìn, mo ń fọ búrọ́ọ̀ṣì tí mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rán fún àwa méjèèjì, àti fìlà tó ní okùn lábẹ́ àgbọ̀n, torí atẹ́gùn. Wọ́n bi wá nínú ìwé yẹn bóyá a fẹ́ yàrá tó ní fèrèsé. A fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kí wọ́n tì í dáadáa kí òkun má baà wọlé bá wa lórí ibùsùn.

Bàbá rẹ ní kí n kọ èyí sí i, kí n má sì fi nǹkan kan kún un. Wọ́n ní láàárọ̀ àkọ́kọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ti gbóná, kí o wá jí àwọn, kí o mú àwọn lọ síbi tí oòrùn ti ń yọ. Kí ìwọ dúró lápá ọ̀tún, kí èmi dúró lápá òsì, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sọ ohun tó ń rí fún àwọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́kọ́ wò ó fúnra àwọn. Bí ó bá ku ohun kan tí àwọn ò rí, àwọn á bi wá.

Ọlọ́run á gbé ọ ga ju àtẹ̀gùn ilé rẹ lọ. Ibi tó o bá dé, wọn á ṣílẹ̀kùn fún ọ. Ní ọjọ́ alẹ́ rẹ, ìwọ náà á rí ẹni tí yóò jí ọ wo ohun tó dára.

Èmi ni ìyá rẹ.