Kéèsì Kékeré àti Mẹ́mórì Mẹ́rìndínlógún

Ọmọ mi, àkọ́bí mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ ti yé jágbe mọ́ ọ? Mo bẹ Ọlọ́run kí ìlú ńlá tó o wà yẹn má gbé ọ mì, kí o máa rí oorun sùn, kí o sì máa jẹun kí ebi tó pa ọ́. Bí o bá ń béèrè wa, a ṣáà ń bá a yí. Òjò ti ṣí páànù méjì lẹ́yìn ilé, orúnkún mi ọ̀tún ń dùn mí bí mo bá ń tẹ máṣíìnì, aṣọ tí wọ́n ń kó wá fún mi rán kò sì pọ̀ mọ́, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta èyí tí wọ́n ti rán tán ni gbogbo ayé ń lọ báyìí. Ara bàbá rẹ le, orí wọn ni kò sinmi.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Nígbà tí mo kà á dé ibi tó o ti ní o fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ to kọ̀ǹpútà kan fún bàbá rẹ, tí wọn yóò fi máa wo sinimá lórí tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, omi bọ́ lójú mi, nítorí ìwọ náà mọ̀ pé ọgbọ̀n ọdún gbáko ni wọ́n fi yí ẹ̀rọ sinimá ní gbọ̀ngàn ìlú kí wọ́n tó ti ibẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí níbi tó o ti kọ ọ́ pé kéèsì lo ń wá, pé o ti rí ńlá ṣùgbọ́n kékeré lo fẹ́. Ọmọ mi, ta lo ṣẹ̀? Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò rí ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ wá kéèsì kiri. Kò sì sí kéèsì kékeré, àbúrò bàbá rẹ ló lọ kóòtù nítorí ewúrẹ́ kan ṣoṣo, ọdún mẹ́rin ló lò kó tó bọ́ níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi lè jẹun. Mo lọ bá akọ̀wé kóòtù tí mo máa ń rán ṣòkòtò fún, mo ní bó bá rí orúkọ rẹ kó bá mi bẹ adájọ́, ọmọ jẹ́jẹ́ ni ọ́. Ó wá orúkọ rẹ títí, kò rí i, ó ní bóyá ìlú ńlá ni wọ́n ti pe ẹjọ́ náà. Ìyẹn tún wá dá kún un.

Wáyà, ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní ìkóríta, ló gbà mí. Ó ka lẹ́tà rẹ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú, ó ní àpótí tí wọ́n ń kó nǹkan inú kọ̀ǹpútà sí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́, mo mú téèpù mi, mo wọn abẹ́ tẹlifíṣọ̀n: ínṣì mẹ́tàdínlógún ní ìbú, ínṣì mẹ́fà ní gíga. Má jẹ́ kó fún pinpin o, fi àyè sílẹ̀ díẹ̀ bí a ṣe ń fi sílẹ̀ lára aṣọ ọmọ tó ń dàgbà, nítorí Wáyà ní ooru máa ń mú nǹkan náà. Ó tún ní pátákó kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ìyá, orí rẹ̀ ni gbogbo yòókù ń jókòó lé, bí òun bá sì ti jóná, ó tán nìyẹn. Mo ní kó má wulẹ̀ ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Èyí tó wá ká mi lára jù ni ti mẹ́mórì. O kọ ọ́ pé mẹ́jọ tó o, ṣùgbọ́n mẹ́rìndínlógún lo fẹ́ fi sí i, kó má baà kù díẹ̀ káàtó. Mo bi Wáyà pé kí ni mẹ́mórì, ó ní ìrántí ni. Ojú tì mí kí n tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́, mo ní bí mẹ́jọ bá tó àpótí, ṣé wọn kò lè bá mi fi mẹ́jọ yòókù sí bàbá rẹ lórí, torí mo ti gbọ́ pé wọ́n ń fi irin sí egungun èèyàn, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ sínú àyà. Wáyà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ló bá wo ojú mi, ló bá gbé irin gbígbóná ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí n má bínú, ti èèyàn kọ́. Ó ní mẹ́mórì yẹn fúnra rẹ̀, bí iná bá ti lọ, gbogbo ohun tó mọ̀ ló ń gbàgbé, òfìfo ló máa ń jí, nǹkan mìíràn tí wọ́n ń pè ní dìsíkì ló ń bá a tọ́jú ẹrù. Mo délé, mo jókòó ti máṣíìnì mi, mo sunkún. Bí bàbá rẹ ṣe ń jí nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé wọ́n bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ìyàwó ta ni mí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ nípa ti fáànù tó o fẹ́ fi sínú àpótí náà kí ooru má baà mú un. O ní ò ń dúró de èyí tí kì í pariwo, pé kò tíì dé ọjà, pé bó bá di oṣù mẹ́rin sí i wàá rí i rà. Ta ló ní bàbá rẹ fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́? Nínú ariwo ẹ̀rọ ni wọ́n ti lo ayé wọn. Bí ilé bá dákẹ́, wọ́n á máa rìn kiri, àfi bí mo bá ń tẹ máṣíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni wọ́n tó lè sùn, ohun tó sì ń pa orúnkún mi nìyẹn. Èyí tó ń pariwo jù lọ́jà ni kó o rà. Owó tó bá ṣẹ́ kù, jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ sí mi, kí n fi ra oògùn wọn àti òróró máṣíìnì, kí n sì fi kan páànù. Ohun tó yá kì í pẹ́ mọ́, ọmọ mi. Oṣù mẹ́rin ti pọ̀ jù fún wa.

Ohun kan wà tí n kò lè sọ lórí fóònù nítorí bàbá rẹ máa ń wà nítòsí. Láti bí oṣù kan báyìí, ẹnu ọ̀nà pálọ̀ ni wọ́n ń dúró sí, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé láìní tíkẹ́ẹ̀tì. Èmi náà wà lára ẹnikẹ́ni. Mo ti wá ń gé páálí òwú mi, òun ni mo fi ń ṣe tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á gbà á, wọ́n á fà á ya sí méjì, wọ́n á fún mi ní ìdajì, wọ́n á ní kí n lọ jókòó, kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì wọ́n dúró níwájú fọ́tò rẹ lára ògiri, wọ́n ní ojú ọmọ yìí mà dára o, wọ́n bi mí pé ọmọ ta ni. Mo ní ọmọ wa ni. Wọ́n rò ó títí, wọ́n ní ó dáa, bó bá dé kó wọlé, ṣùgbọ́n kó mú tíkẹ́ẹ̀tì dání.

Nítorí náà, máa bọ̀. Èyí tó o bá ti rà lára ẹ̀yà kọ̀ǹpútà náà, dì í sínú àpò kó o gbé e wá, Wáyà ti ní òun yóò bá ọ tò ó. Ọlọ́run yóò mú ọ délé láyọ̀, ọ̀nà kò ní nà ọ́, o kò ní pàdé ibi, ohun tó ò ń wá bọ̀ kò ní sá fún ọ. Bí o bá dé ẹnu ọ̀nà, má bá wọn jiyàn, má sì sunkún. Mo ti gé tìrẹ, ó wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Má jẹ́ kó sọnù.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.